Ìyá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹgbẹ́

A mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, nítorí òun ni mo fi pamọ́ jù láyé mi. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wà lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó wa, ó sì hàn gbangba níbẹ̀ pé bí a bá fẹ́ra, a lè bí ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá jà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta. Mo ti ya irú ẹ̀jẹ̀ yẹn sójú pátákó láìmọye ìgbà. A gbàdúrà, a fẹ́ra, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọbìnrin wa pé ọdún kan àbọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, igbe rẹ̀ kò sì dá. Dókítà wá sọ ohun tí a ti mọ̀ fún wa.

Níbi tí a ti ń dúró de dókítà lọ́jọ́ kan ni obìnrin kan ti gba nọ́ńbà fóònù mi, ó ní òun á fi mí sínú gúrúùpù àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní irú àìsàn yìí. Kí n tó dé ilé wa ní Kẹ́mta, wọ́n ti kí mi káàbọ̀. A lé ní igba níbẹ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀, tó sì ń darí rẹ̀, jẹ́ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Díẹ̀ nínú wa ló ti fojú kàn wọ́n rí. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé wọ́n ti sin ọmọ méjì nítorí àìsàn yìí, ẹ̀kẹta sì wà láàyè, ó ti di géńdé. Ta ni yóò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ jiyàn?

N kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lọ sílẹ̀ gan-an, ilé ìwòsàn kò sì ní irú èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ọ̀sán gangan ni mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù. Kí oòrùn tó wọ̀, Mọ́mì ti rí ọkùnrin méjì tó wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jókòó, kí n jẹun, kí n má bẹ̀rù. Mo sunkún sí wọn létí. Ọjọ́ yẹn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ èsì àyẹ̀wò yẹn fún wọn, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn nìkan. Wọ́n ní kò burú, pé ọ̀rọ̀ náà ti dópin sọ́dọ̀ àwọn.

Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe igbákejì, èmi náà di ádímìn. Wọ́n ní mo mọ̀wé kọ. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ní àràárọ̀, Mọ́mì á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, gbogbo ìyá sì gbọ́dọ̀ dáhùn pé "Mọ́mì, ẹ ṣé." Iṣẹ́ mi ni láti ka orúkọ àwọn tí kò tíì dáhùn nígbà tó bá di ọ̀sán. Ẹni tó bá béèrè ohun tí ẹlòmíì ti béèrè rí, Mọ́mì á bú u. Bí ọmọ ẹnìkan bá kú, wọ́n á kọ́kọ́ ṣèdárò, lẹ́yìn náà wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àṣìṣe ìyá ọmọ náà jọ lójú gbogbo wa, wọ́n ní kí àwọn tó kù lè fi kọ́gbọ́n. A ó sì dúpẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́.

Ara mi ti mọ̀ kí ọkàn mi tó mọ̀. Tí fóònù bá ti gbọ̀n lórí tábìlì níbi tí àwa olùkọ́ ń jókòó sí, ọwọ́ mi á ti dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo lè máa kọ́ni lọ́wọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ọ̀rọ̀, kí n má gbọ́ ọ, nítorí pé mò ń ronú ẹni tí ọ̀rọ̀ máa kàn lónìí. Ọkọ mi ní kí n fi gúrúùpù náà sílẹ̀. Mo bi í pé lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún nílò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́.

Ìyá kan wà nínú wa tó ń ránṣọ ní Ìtòrí. Kò mọ̀wé kọ dáadáa, ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ tó fi ń ránṣẹ́, Mọ́mì kò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí mo wà ní ìsinmi ọ̀sán níléèwé, ohùn rẹ̀ wọlé. Ó ní ìyá ọkọ òun ti ń fún ọmọ náà ní àgbo fún ọjọ́ mẹ́ta, òun kò lè kọ̀ fún wọn, ojú ọmọ náà sì ti wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ní kí á jọ̀ọ́, kí á sọ ohun tí òun máa ṣe.

Ìbéèrè tí gbogbo wa lè dáhùn ni. Kó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kó sì sọ fún dókítà pé ó ti mu àgbo. Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Mọ́mì wọlé. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wá wo ojú apààyàn. Wọ́n ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan sí i, kó lè mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọlé bí òjò. Ọ̀lẹ. Aláìmọ̀kan. Ẹni tí Ọlọ́run fún lọ́mọ tí kò mọyì rẹ̀. Mo pa ohun tí mo ti kọ rẹ́, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ń wo orúkọ mi. Mo wá kọ pé: "Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe báyìí."

Ohùn obìnrin náà tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń sunkún. Ó ní òun gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí á sọ ohun tí òun máa ṣe. Ìgbà yẹn ni Mọ́mì pè mí.

Wọ́n ní, "Yọ ọ́."

Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ yẹn ń ṣàìsàn lọ́wọ́."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ bá a lọ ni?"

Mo yọ ọ́. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tún un tẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú mi níbẹ̀. Mo lè pè é, kí n sọ gbólóhùn méjì péré fún un. Aago lu, mo mú ṣọ́ọ̀kì mi, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kàn mí. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa oògùn ibà, mo sì fi sùúrù dá a lóhùn kí Mọ́mì tó ráyè bú u. Ohun tí mo ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́mì kọ ọ́ pé ẹnìkan fẹ́ gba ẹgbẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ìyá bi tíṣà tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé ṣé kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́tò ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí wọn lọ́jọ́ tí mò ń sunkún síta, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe kọ ọ́.

Orí ìjókòó ni mo wà nínú kíláàsì tó ṣófo. Mò ń wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn, àwọn ìyá tí mo ti bá wá nọ́ọ̀sì, àwọn tí mo ti bá gbàdúrà. Ọ̀kan kọ pé irú wa ló ń fi ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ṣe ìrúbọ fún ìfẹ́. Wọ́n yọ mí kí n tó rí ohun tí màá sọ.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ náà ń gbé àdúgbò wa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Wọ́n wá sílé, wọn kò jókòó, wọn kò sì dáhùn ìkíni mi. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ mọ̀?"

Ọkọ mi wo ilẹ̀. "A mọ̀, Màámi."

Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ, wọ́n pọn omi, wọ́n wẹ ọmọ mi, wọ́n fi ìpara pa á lára, wọ́n sì lọ sílé. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, n kò sì tíì ní ìgboyà láti dá a sílẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ojú ń tì mí láàárín ènìyàn. Tí òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá rẹ́rìn-ín sí mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, mo máa ń rò pé ó ti kà á. Fóònù tí wọn kò pè mí lórí rẹ̀ mọ́, mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Mò ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán mo ní ọkọ tó ń bá mi gbé e. Ibẹ̀ ni mo ti rántí aránṣọ Ìtòrí, mo sì rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti yọ ọ́, n kò béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ kú tàbí ó yè.

Mo gbìyànjú láti pè é, n kò lè ṣe é. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọ mọ́tò ọ̀nà Èkó ní Kútọ̀. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, eruku wọn ń bo gíláàsì, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà ṣáà wà láàyè. Mo rántí pé ó sọ ọ́ rí pé ṣọ́ọ̀bù òun wà nítòsí ilé kéú kan. Ẹni kejì tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú mi débẹ̀.

Ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó lórí ẹní, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀, ó ń tú òwú lára aṣọ kan. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ, ó fi ọ̀yàyà kí mi, ó rò pé oníbàárà ni mí. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.

Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀yin ni tíṣà."

"Èmi ni."

"Tiyín ni mo mọ̀ sórí jù. Àwọn yòókù bú mi. Ẹ̀yin lẹ sọ pé n kò fẹ́ràn ọmọ mi."

Mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n dìde, pé ọmọ ń wò wá.

Ó wá ròyìn rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. Lọ́jọ́ náà, aládùúgbò kan tó rí i níbi tó ti ń sunkún ló bá a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀, àlùhámúdùlílà, ọmọ yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò láti padà lọ rí dókítà ní Abẹ́òkúta, ó dé ẹnu géètì, ó rí àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ wọn, ó sì rò ó pé èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ́ ẹni tó pe òun ní apààyàn. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sí Ìtòrí. Láti ìgbà náà kò tíì débẹ̀ mọ́. Oògùn tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ ti tán láti oṣù mẹ́ta.

Mo sọ ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà fún un, àti ohun tí mo fi pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí."

"Ó dáa kó dùn yín," ó ní, ó sì gbé aṣọ tó ń rán lé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rán an.

Mo ní tó bá gbà, màá dúró dè é ní géètì ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó jọ wọlé. Ó ní òun kò sọ pé òun ti dárí jì mí o. Mo ní mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Aago mẹ́jọ lu, mẹ́sàn-án lu, n kò rí i. Nígbà tí mo ti ń rò pé kí n máa lọ, mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kò kí mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Bí a ṣe ń kọjá níwájú bẹ́ǹṣì, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn wà níbẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un pé n kò mọ̀, pé orí fóònù nìkan ni èmi náà ti mọ̀ wọ́n. Obìnrin kan yẹra, ó fún wa láyè láti jókòó. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ó ní ó pẹ́ tí àwọn ti rí wọn. Aránṣọ náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Nọ́ọ̀sì kàn kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí ọmọ wá gun ìwọ̀n.

Gúrúùpù náà ṣì wà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹlòmíì ṣe igbákejì. Mọ́mì kò pè mí mọ́, èmi náà kò pè wọ́n. Ẹ ó ti rí i pé "wọ́n" ni mo ṣì ń pè wọ́n. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́, ahọ́n mi ni kò lè yí i padà. Nígbà míì mo máa ń ronú ọmọ méjì tí wọ́n sin, mo sì máa ń bi ara mi léèrè pé ta ló sọ fún wọn nígbà náà pé àwọn ló pa àwọn ọmọ náà. N kò mọ̀. Kò sì mú ohun tí wọ́n ṣe fúyẹ́, tàbí èyí tí èmi ṣe.

Aránṣọ Ìtòrí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ń lọ rí dókítà déédéé, ó sì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ lè bá wọn sáré níbi eré ìdárayá iléèwé wọn. Mo ní kó bi dókítà, ṣùgbọ́n ní tèmi, kó sá èyí tí kò jìnnà, kó mu omi dáadáa, kó sì dúró tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ó ní òun ti bi dókítà. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí èmi máa sọ ni.