Fadá tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni Lọ́jà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́, kó fi fadá pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Ohun tí Petronila, tí wọ́n ń pè ní Doña Petra, máa ń sọ nìyẹn. Lọ́dún tí ìjọba Mẹ́síkò fòfin de Míísà, tí àwọn ṣọ́jà ń wá fadá kiri bí ẹni ń wá olè, opó yìí ló gba Fadá Cosme Barragán sílé ní San Telmo, ìlú kékeré kan lórí òkè Jalisco.

Ọkùnrin gìrìpá ni Fadá Cosme. Ó sígbọnlẹ̀, ó máa ń gbàgbé nǹkan, kò sì mọ̀ ọ́n purọ́. Petronila wọ̀ ọ́ láṣọ oníṣòwò ìbaaka, ó ní kó dá irùngbọ̀n sí, kó sì máa bú ìbaaka bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Kàkà kó bú u, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Fadá, ta ní ń bẹ ìbaaka?"

"Doña Petra, ó gbọ́ràn ju ìjọ mi lọ."

Òótọ́ ló sọ. Ìjọ yẹn gan-an ni ìyọnu. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn pé bí fadá bá ń gbé Ara Olúwa, búrẹ́dì mímọ́ Míísà, kọjá lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, kí oníkálukú kúnlẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Petronila ti lọ láti ilé dé ilé, ó kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ẹ dúró bí igi! Ẹ wo ibòmíràn! Ó máa yé Ọlọ́run."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n ránṣẹ́ wá pé Don Fulgencio ń kú lọ. Don Fulgencio tó ń kú lóṣooṣù!

"Ẹ jẹ́ kí ṣọ́jà kúrò lọ́jà ná," ni Petronila wí.

"Tó bá wá jẹ́ òótọ́ lónìí ńkọ́?"

"Baba yẹn? Gbogbo wa ló máa sin."

"Kó tó sin wá, ẹ jẹ́ kó gba Olúwa rẹ̀."

Fadá fi Ara Kristi sínú àpò kékeré lábẹ́ ẹ̀wù, ó bọ́ síta. Petronila gbé agbọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó ń kùn.

Ẹni tó gbé Ara Olúwa kì í kí ènìyàn lójú ọ̀nà. Fadá Cosme, tó máa ń kí ajá pàápàá, wá ń la àárín ọjà kọjá láìwọ̀tún, láìwòsì, ó fọwọ́ lé àyà. Bàbá aláta kan wò ó, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀. Oníkòkò kúnlẹ̀. Kí Petronila tó ráyè bú wọn, gbogbo ọjà ti wà lórí eékún. Òun, àwọn ṣọ́jà àti oníṣòwò ìbaaka kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró.

Ọ̀gá ṣọ́jà sún mọ́ Petronila. "Ìyá, kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Òrùka ẹnìkan ló sọnù. Wọ́n ń bá a wá a."

"Gbogbo ọjà?"

"Òrùka ńlá ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Fadá. "Ìwọ, ṣé fadá ni ọ́?"

Petronila tẹjú mọ́ Fadá. Kó ṣáà ní rárá. Kó béèrè pé fadá wo. Kó tilẹ̀ ṣe bí odi!

"Èmi ni," ni Fadá Cosme wí, bí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Kí wọ́n tó dì í lápá, ó ti yọ Ara Kristi, ó gbà á sẹ́nu, kí wọ́n má bàa fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbẹ́ ògiri itẹ́ òkú ni wọ́n ti yìnbọn pa á lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Don Fulgencio jẹ ẹ̀wà àwo méjì lálẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin wá tọrọ àjákù ẹ̀wù Fadá, kí wọ́n fi pamọ́ bí ohun mímọ́.

"Doña Petra, orí yín mà dára o! Ẹ bá ẹni mímọ́ gbélé."

"Ẹni mímọ́? Olórí kunkun ni." Ó ti mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ fún wọn. "Èmi ò tọrọ ajẹ́rìíkú lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fadá tó máa padà wálé wá jẹun ni mo tọrọ."