Ìgè, Adájọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ tí Afọlábí dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ láàárín eré ni gbogbo Ẹdẹ mọ orúkọ Ìgè ahunṣọ. Títí di òní, bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ lọ́nà odò, àwọn tó ń pọnmi á sọ ìkòkò kalẹ̀, wọn á pín sí méjì, ilé á sì wà láìsí omi.

Eré náà kì í ṣe eré ilẹ̀ wa. Jacob ló gbé e wá, akọ̀wé ará Ẹ̀gbá tí wọ́n fi sí tésàn nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Ẹdẹ kọjá. Òyìnbó kan ló fi kọ́ wọn nílé ìwé l'Ékòó. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì á fi kùmọ̀ gbá a, á wá sá yí òkúta mẹ́ta ká kó tó padà sórí òkúta pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní ilé. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn án kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ ilé, kò délé nìyẹn. Òfin kan wà tó le ju ìyókù lọ: ẹni tó ń ṣọ́ ilé kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà asáré bí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń gba Jacob ní ìdajì ọjọ́ kó tó ṣàlàyé òfin yìí tán. Ìgè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo kò ní ọ̀nà." Láti ọjọ́ náà ni Jacob ti fi iṣẹ́ adájọ́ sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ẹdẹ àti Alájùẹ, abúlé ìtòsí wa, ló ń figa gbága lẹ́yìn tésàn. Oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n sì ṣe ọ̀mì. Ìhà tí èèyàn rẹ̀ bá tún délé ló borí. Ògúnlànà alágbẹ̀dẹ ló ń ṣọ́ ilé fún Alájùẹ. Ó ti dàgbà ju ẹni tí í bá ọ̀dọ́ ṣeré lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Bí Ògúnlànà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn pàápàá á tọrọ àyè.

Afọlábí gbá bọ́ọ̀lù wọ inú koríko. Ó tẹ òkúta kìn-ín-ní, ó tẹ ìkejì, ó tẹ ìkẹta, ó kọjú sílé. Ògúnlànà ti dúró síwájú òkúta náà, ó la apá, bọ́ọ̀lù ṣì ń bọ̀ lókè. Ará Ẹdẹ ń pariwo pé kí Afọlábí fi èjìká gbá a. Afọlábí gbójú sókè, ẹni tó rí ni bàbá Àkànkẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bàbá tí àwọn ẹbí òun ti gbé iṣu ìdána lọ fún. Eré ò jẹ́ kó ronú. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ láti kékeré ló ṣe: ó nà gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

Bọ́ọ̀lù dé. Ògúnlànà hán an, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kàn án lẹ́yìn ọrùn. "Kò délé," ló wí.

Pápá dàrú. Ìgè dìde nílẹ̀, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ikùn ló máa ń fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta nígbà tí asáré bá ń bọ̀, nítorí ẹsẹ̀ nìkan ló ń wò. "Ẹnu ń parọ́, ojú ń parọ́," ló máa ń wí. "Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ wáyé, mi ò rí ẹsẹ̀ tó parọ́ rí."

"Ìgè, kí lò ń wò?" Ògúnlànà bi í. "Mo fi bọ́ọ̀lù kàn án. Ó tán."

"Ṣebí ẹ dí i lọ́nà ni," ará Ẹdẹ kan wí láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni mo ní kó dọ̀bálẹ̀? Mo dúró jẹ́ẹ́jẹ́ mi."

Afọlábí fèsì, àgbọ̀n rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n fi èjìká gbá yín ni? Ẹ̀yin lẹ bí ìyàwó mi."

"Ìyàwó tí o kò tíì gbé," ni Ògúnlànà wí.

Ibẹ̀ ni gbogbo ojú ti yí sí Ìgè, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé Ìgè ni alárinà. Òun ló bá Afọlábí wá ojúure Àkànkẹ́. Òun náà ló ń lọ jókòó sí ẹnu àgbẹ̀dẹ lójoojúmọ́, iná ń ta sí i lára, títí Ògúnlànà fi gbà.

Ògúnlànà rẹ ohùn sílẹ̀. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù, nítorí ọkùnrin tó ń lu irin láti àárọ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìgè, bí o bá ní mo dí ọmọ yìí lọ́nà, o pè mí ní ẹlẹ́tàn lójú ọmọ mi. Mi ò ní fi ọmọ fún ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀. Kó wá ìyàwó lọ síbòmíràn."

Àkànkẹ́ wà níbẹ̀. Agbọ̀n ẹ̀kọ wà lórí rẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun sọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bí Ìgè bá ní Afọlábí délé, ìgbéyàwó tú. Bó bá ní kò délé, òfin tó fi ń yangàn káàkiri ìlú ti di àkísà. Ó yíjú sí Jacob.

"Akọ̀wé, kí ni òfin òyìnbó wí?"

"Bàbá, kò sọ nípa àna."

"Ṣé òyìnbó ò ní àna ni?"

"Wọ́n ní."

"Ṣé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un?"

"Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bàbá."

"Ẹ ò rí i," Ìgè wí, "ìdí tí òfin wọn fi kúrú."

Ẹ jẹ́ ká fi Afọlábí sílẹ̀ níbi tó nà sí náà ná. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde, kò sì ní dìde. Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ẹjọ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ẹnu ọ̀nà ti wọ Ìgè lára kọjá eré. Bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò ní lé e. Á dúró, á wo ọwọ́ ewúrẹ́ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní, "O ò mú nǹkan kan dání," á sì pe ará ilé wá jẹ́rìí kó tó fi ẹsẹ̀ sún un. Lọ́jọ́ kan ó ti oko òwú dé, ó bá Àdùnní ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àdùnní, o ń dí asáré lọ́nà."

"Olówó orí mi, ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ta ni asáré?"

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Àdùnní gbé àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè. "Oúnjẹ yín ni."

Ìgè rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Òfin ni òfin. Ìta ló jókòó sí tó ti jẹun.

Ti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló fẹ́ẹ̀ gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ajẹ́lẹ̀ ń kọjá lọ́jọ́ eré kan, ó fẹ́ wòran, ó sì da ẹṣin rẹ̀ dúró gan-an síwájú òkúta ilé. Ọlọ́pàá méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgè dìde nínú eruku, ó lọ bá ògbufọ̀.

"Bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ògbufọ̀ ń làágùn. "Bàbá, ọ̀pá ọba ló wà lọ́wọ́ wọn."

"Igi ni. Mo ní bọ́ọ̀lù dà?"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ògbufọ̀ tú sí èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n ó pẹ́, ó sì ń tẹrí ba láàárín rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wo Ìgè, ó wo ilẹ̀, ó sún ẹṣin. Ìgè padà lọ fi ikùn rẹ̀ sùn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ẹ̀rù bà á, ó ní ẹ̀rù ba òun gan-an: ẹṣin náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, òun kò sì mọ èyí tí òun ì bá wò.

Ó dáa, Afọlábí ṣì wà nílẹ̀. Èèrà ti ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgè yí òkúta náà ká. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ Ògúnlànà tẹ̀. Ó wo orí ọmọkùnrin tó wà níwájú ẹsẹ̀ náà.

"Ògúnlànà, ọmọ yìí kí ọ àbí kò kí ọ?"

"Ó kí mi."

"Kí lo dá a lóhùn?"

Ògúnlànà yí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

"Mo ní kí lo dá a lóhùn?"

"Bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Àyè wo ló wà fún ìdáhùn?"

"Àyè wà fún un láti kí ọ, àyè ò wá sí fún ọ láti jẹ́ ẹ. Àna rẹ wà nílẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ti ń wọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú yìí." Ìgè gbọn eruku irùngbọ̀n rẹ̀. "Mi ò lè dá ẹjọ́ kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì parí. Dá ọmọ lóhùn, kí n mọ èyí tí n óò dá."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí bàbá ìyàwó máa ń sọ fún àna tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí Ògúnlànà bá sọ ọ́, ó ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Bó bá kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ àna lójú ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ Ìgè ló tú ilé. Alárinà ti gbé ẹrù kúrò lórí ara rẹ̀, ó gbé e ka ahọ́n alágbẹ̀dẹ.

Ògúnlànà wo Ìgè bí ẹni wo irin tí kò gbóná. Ó wo Àkànkẹ́. Àkànkẹ́ kò wo ojú rẹ̀, òkúta ló ń wò, ó sì ti di etí agbọ̀n ẹ̀kọ mú bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ tí kò sì ní padà mọ́. A ń gbọ́ èémí Afọlábí nínú iyanrìn.

"Dìde," Ògúnlànà wí.

Afọlábí gbé orí nìkan.

"Dìde, ọmọ mi. Máa wọlé."

Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Afọlábí dìde, ó gbọn àyà, ó sì tẹ òkúta náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹní tuntun.

"Ó délé," Ìgè wí. "Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló sì mú un wọlé. Ta ló pe ẹnìkan ní ẹlẹ́tàn?"

Orí Ògúnlànà wú. Ó gba ọwọ́, ó gba ìkíni, ó rẹ́rìn-ín. A ti ń kó kùmọ̀ nílẹ̀ kó tó yé e pé Alájùẹ ti pàdánù.

Afọlábí gbé Àkànkẹ́. Ògúnlànà kò sì gba ẹjọ́ náà láéláé. Ó mú bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà lọ, bọ́ọ̀lù tí Ìgè fúnra rẹ̀ fi àjákù òwú òfì dì, ó gbé e kọ́ sí àgbẹ̀dẹ, ó ní ẹ̀rí òun ni. Bó bá ń kọjá níwájú òfì Ìgè, kò ní kí i, ohun tó máa ń sọ nìyí:

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi kó tó dọ̀bálẹ̀."

Ìgè ò ní gbójú kúrò nínú aṣọ. "Ọwọ́ rẹ ṣófo."

Lọ́jọ́ tí Àkànkẹ́ kó ọmọ jáde, Ògúnlànà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání, ó tọ Ìgè lọ láàárín àwùjọ. "Ìgè, wò ó dáadáa. Ṣé ọwọ́ mi ṣófo?"

"Ti òní kọ́ là ń wí," ni Ìgè fèsì, ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Ìgè lọ ra òwú ní Sẹ̀kọnà, ibẹ̀ ni ikú ká a mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ẹdẹ ló gbé e bọ̀, Afọlábí ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, Àdùnní fi ọwọ́ dá wọn dúró. "Ẹ yí i padà. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe wáyé nìyẹn." Wọ́n yí i padà.

Wọ́n wá rí i pé kò sí ọ̀nà. Ògúnlànà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dí i pátápátá, bọ́ọ̀lù òwú àtijọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín àgbẹ̀dẹ ti sọ ọ́ di dúdú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Afọlábí wí. Igi tí wọ́n fi gbé òkú ń wọ̀ ọ́ léjìká.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," Ògúnlànà wí. "Gbogbo yín ń wò ó. Lónìí, ó wà lọ́wọ́ mi. Òfin rẹ̀ ni. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró síbí."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. A dúró nínú oòrùn, a ń wo ara wa, a ń retí ẹni tí yóò dá ẹjọ́, a gbàgbé pé òun la gbé dání.

Ògúnlànà náà ń retí. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ tí aṣọ bò níwájú rẹ̀, bí ẹni pé ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà ó la ìka rẹ̀, kò jù ú, ó kàn là á ni. Bọ́ọ̀lù náà já bọ́, ó yí lọ sínú ilé ṣáájú gbogbo wa.

"Àdùnní," ló wí, "ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Àdùnní wo ọwọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti í wo ti ewúrẹ́. "Mo rí i," ló dáhùn. "Ọwọ́ yín ṣófo."

Ògúnlànà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Máa wọlé, Ìgè," ló wí.