Kọ́kọ́rọ́ Odò Tó Wà Lọ́rùn Magdalene

Bí ẹ bá ń wá Magdalene Akínrẹ̀mí láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, ẹ má wulẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Barking Riverside, ní London. Bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, níbi tó ti ń di ẹrù sínú páálí ní Dagenham Dock, etí odò ló máa ń gbà lọ. Odò ọ̀hún kò tóbi. Ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ló gbà kọjá, ó sì lọ ń ṣàn sínú Thames. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ilẹ̀kùn irin ńlá kan dá a dúró kó tó débẹ̀, ẹja tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò lè gòkè. Iṣẹ́ Magdalene àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni láti bá wọn wá ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo ẹja o. Iìlì ni, ẹja tí ara rẹ̀ gùn bí ejò tó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Inú òkun tó jìnnà réré ni wọ́n ti ń bí wọn, àwọn ọmọ náà á sì wẹ omi iyọ̀ wá títí dé England, tín-ín-rín bí òwú, téèyàn lè rí egungun ẹ̀yìn wọn nínú ara. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ẹgbẹ́ náà wá gbé pátákó kan tí wọ́n gbin irun búrọ́ọ̀ṣì sí ti ara ilẹ̀kùn irin náà. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀, àwọn ọmọ iìlì á máa wọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi já sínú àpótí kan tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá kàn lọ́jọ́ náà á ṣí àpótí, á kà wọ́n, á sì dà wọ́n sínú adágún tó wà lókè. Sámọ́nù, ẹja ńlá tó ń gba òkun wọ odò, ni gbogbo wọn ń lálàá rẹ̀. Àmọ́ Aqeelah, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Alibon ní Dagenham níbẹ̀, tó sì jẹ́ olórí wọn, máa ń sọ pé bí iìlì kò bá lè gbé odò náà, kí ẹnikẹ́ni má tíì dárúkọ sámọ́nù.

Ọmọ apẹja ni Magdalene, ará Ìlàjẹ. Odò tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja kú lójú rẹ̀, epo rọ̀bì ló pa á, bàbá náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Aqeelah fún un ní kọ́kọ́rọ́ géètì tí wọ́n ń gbà dé adágún, ńṣe ló so ó mọ́ àgbélébùú kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní: ohun tí kì í ṣe ti odò yìí kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Magdalene fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a sì máa na ìka sí wọn lójú.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Pamílẹ́rìn. Oyún bà jẹ́ lára ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún lóyún, Magdalene kò lè gbọ́ kí fóònù dún kí àyà rẹ̀ má já. Ó gba ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rẹ̀ lọ, ó wọ sùtánà, ó kúnlẹ̀, Wòlíì Olúgbémiga sì ríran sí i.

"Ìyá Pamílẹ́rìn, mo rí ọmọ kan tó há sínú àwọ̀n. Ẹ lọ tú ẹja ààyè sílẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn, kí ọmọ yẹn lè rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ pa ẹja náà títí ọmọ á fi délẹ̀ o. Ẹ gbọ́?"

Ó gbọ́. Ó kọ́kọ́ ro ti Thames. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ máa ń gba Thames wọlé, á pa ẹja náà, bí kò bá sì pa á, àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ kò níye. Níbo ni ọwọ́ èèyàn kò ti ní kàn án ní gbogbo Dagenham? Kò sí, àfi adágún tó wà lẹ́yìn géètì tóun fúnra òun ń tì. Bó ṣe rò ó nìyẹn, ó sì bá a lára mu. Ó ra ẹja àrọ̀ ààyè méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sìn wọ́n nínú táǹkì, ó bọ́ bàtà, ó ka sáàmù, ó sì dà wọ́n sínú adágún lọ́jọ́ Sátidé kan, ní kùtùkùtù. Wọ́n na ìrù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rì. Orí rẹ̀ wú. Ó ní ẹja méjì péré, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún odò?

Wọn kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó mọ̀. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, bí wọ́n bá ju àwọ̀n sínú adágún láti wo bí àwọn ọmọ iìlì ṣe ń dàgbà, díẹ̀ ni wọ́n ń rí, díẹ̀ náà sì ń dín. Wọ́n rí ọ̀kan tí ìrù rẹ̀ já. Wọ́n rí òmíràn tó jẹ́ orí nìkan ló kù. Aqeelah kò lè jẹun. Magdalene náà kò lè jẹun, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tó fà á. Gbogbo ìgbà tó bá kàn án ló ń da ọmọ iìlì sínú adágún náà, gbogbo ìgbà náà ló sì mọ̀ pé oúnjẹ lòun ń gbé fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pa àrọ̀ náà. Bí wọ́n bá pa àrọ̀ náà, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ikùn Pamílẹ́rìn? Ó pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù keje, àwọ̀n wúwo. Aqeelah fà á jáde nínú omi, ó sì figbe ta.

"Auntie Maggie! Ẹ wá wo nǹkan. What is this?"

"Àrọ̀ ni," Magdalene wí.

"Àrọ̀? In Dagenham? Ta ni wèrè tó lọ gbé àrọ̀ síbí?" Ó tẹ ikùn ẹja náà, àwọn ọmọ iìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, òmíràn ṣì ń mira. Aqeelah bú sẹ́kún. "Òun ló ń jẹ àwọn ọmọ wa! A ò lè dá a padà, it's the law. Auntie, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹja kó má jìyà. Please, ẹ bá mi pa á."

Ó gbé kùmọ̀ kékeré lé e lọ́wọ́. Magdalene di ẹja náà mú lẹ́yìn orí, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ẹja náà ń la ẹnu, ó ń mí bí èèyàn. Ó gbé kùmọ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ọ́mọ̀ dẹ ọwọ́ kejì, ẹja náà yọ̀ bọ̀rọ́, ó sì bọ́ padà sínú adágún.

"Don't worry, Auntie," Aqeelah wí, ó ń nu ojú. "Ó ń yọ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Ojú ti Magdalene. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pẹ̀lú, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

Pamílẹ́rìn bímọ ní oṣù kẹjọ, obìnrin, ara le, igbe ẹ̀ ń dún bí fèrè. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwatùmínínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ìyá àgbà wá jẹ́rìí. Ọpẹ́ díẹ̀ ló fẹ́ dá kó padà sí ìjókòó. Àmọ́ ẹ mọ bí ẹ̀rí ti máa ń rí: bí ìjọ bá ti ń ké "Halelúyà", ẹnu kì í fẹ́ dúró. Ó sọ ti ẹja. Ó sọ ti adágún àti géètì. Ó sọ bí àwọ̀n ṣe mú ọ̀kan tó sì tún bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìjọ fò sókè. Mìdé nìkan ni kò fò, ìyàwó kan tó ti ń dúró de ọmọ láti ọdún gbọọrọ. Ó jókòó sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ Magdalene.

Òtútù dé, ó pa àwọn àrọ̀ náà. Magdalene bá wọn tí wọ́n léfòó, ikùn wọn funfun, ó fi igi fà wọ́n jáde, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú igbó. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ṣí àpótí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó kún! Kò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé ìdí iṣẹ́ náà. Ó pe Aqeelah lórí fóònù, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

"Auntie, next thing, sámọ́nù!" ni Aqeelah ń wí.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó rí aṣọ funfun lẹ́nu géètì. Àwọn obìnrin ni, ẹsẹ̀ lásán, olúkúlùkù pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Àwọn kan ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mìdé ló ṣáájú.

"Mummy Pamílẹ́rìn, ẹ káàbọ̀ o, mà. A ti ń retí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i."

Magdalene la ẹnu láti sọ pé kò ṣeé ṣe. Nǹkan kan na ìrù mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi sì fọ́n sí etí sùtánà. Mìdé gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta etí ọ̀nà.

"Tiyín ti gbà, mà. Ẹ jẹ́ kí tèmi náà gbà."

Kí ló fẹ́ sọ fún un? Pé irọ́ ni? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ti ń rákòrò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn. Lódìkejì géètì, àwọn ọmọ iìlì ṣì ń wọ́ gun pátákó náà bọ̀ lókè.