Fuláíwíìlì Fífúyẹ́ Nínú Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Bí mo ṣe rántí rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Dọ̀káàsì kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìlá lówúrọ̀ ọjọ́ náà. Ìwé tí mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí sọ pé ó kí wa, ó tilẹ̀ béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, síbẹ̀ n kò lè búra fún un. Ohun tí ìwé náà àti ọpọlọ mi jọ gbà ni ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀ lé e.

“Mo pẹ́ kí n tó dé Ọ̀rà. Ọmọ náà ti kú kí n tó wọlé. Ẹ bá mi ṣe ọkọ̀ yìí kó máa sáré.”

Agbẹ̀bí ni. Ọkọ̀ kékeré àlòkù kan ló fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún ní Ọ̀rà, ní Òkè-Ìlá, àti ní àwọn abúlé tó wà láàárín oko kòkó. Àárín àwọn ọdún 1950 ni à ń wí yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Àwọn ará ilé wa ń retí kí n di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni mo gbà lọ. Mẹkáníìkì ni Bàbá Kékeré, kò sì kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. “Ọ̀mọ̀wé” ló ń pè mí. Bí ó bá fẹ́ kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀, yóò ní, “Ọ̀mọ̀wé, físíìsì ń pè ọ́ lábẹ́ lọ́rì.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ dá Nọ́ọ̀sì lóhùn. Mo ní mo mọ ohun tí a lè ṣe.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni irin róbótó kan wà, ó pẹlẹbẹ, ó sì wúwo gan-an. Òun ni à ń pè ní fuláíwíìlì. Ẹ́ńjìnnì kì í tì láìdáwọ́ dúró. Ó ń tì, ó ń sinmi, ó tún ń tì. Ìwúwo fuláíwíìlì ló ń gbé e kọjá ìsinmi náà. Òun kan náà ni kilọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ń lẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Mo ti kà nínú ìwé ìròyìn àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje pé bí a bá gé nínú ìwúwo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa tètè gba eré. Mo ṣírò rẹ̀ sórí páálí. Títí di òní, ìṣirò náà tọ̀nà.

Bàbá Kékeré wo páálí náà bí ẹni ń wo àwòrán.

“Àwọn tó ń díje yìí, ta ni wọ́n máa ń gbé?”

“Wọn kì í gbé ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ìdíje ni.”

“Hẹn,” ló wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹni tó bá tú ọkọ̀, òun ni yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá máa dán an wò.”

Òfin náà kò ṣàjèjì sí mi. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá bà jẹ́ lọ́nà, ara rẹ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbà.

Àlòkù fuláíwíìlì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń yí irin bí ọ̀bẹ rẹ̀ ti ń fá a. Nígbà tí ó fá a tán tí mo gbé e padà dé Ìlá, ọwọ́ kan ni mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kí àwọn tó wà nítòsí lè rí i bó ti fúyẹ́ tó. Mo tú ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo yọ èyí tó wúwo, mo fi tèmi sí i. Bàbá Kékeré fa èyí tí mo yọ lọ sábẹ́ tábìlì, ó sì fi àpò bò ó. N kò bi í léèrè ìdí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Nọ́ọ̀sì ló wa ọkọ̀, Bàbá Kékeré jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu tí Nọ́ọ̀sì ń gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ibi tó tẹ́jú, ọkọ̀ náà fò bí ẹtu. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ dé Ọ̀rà nìyẹn.

A wá dé ibi tí ọ̀nà Òkè-Ìlá ti ń gun òkè. Ní agbedeméjì òkè náà, ìyá arúgbó kan dúró, apẹ̀rẹ̀ obì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì. Kò rò ó rárá, n kò sì tíì rí ẹni tí yóò rò ó nílẹ̀ wa. Ta ló ń wa ọkọ̀ tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ kọjá lára àgbà?

“Ẹ wọlé, Màmá.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa bá ọ gbé tìrẹ.”

Màmá wọlé. Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún un ṣe, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké, òórùn kilọ́ọ̀ṣì tó ń jó gba inú ọkọ̀; a sún díẹ̀ síwájú, ó sì kú.

“Àbí èmi ni mo wúwo tó báyìí?” ni Màmá bèèrè.

“Rárá o, Màmá,” ni Bàbá Kékeré dáhùn. “Irin kan ló fúyẹ́ jù. Ọ̀mọ̀wé, sọ̀kalẹ̀, wá tì í.”

Mo tì í. Bí mo ti ń tì í, mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bó bá jẹ́ aboyún ni mo gbé síbí ńkọ́?”

Nígbà tí a dé orí òkè, mo bèèrè ohun tó yẹ kí n ti bèèrè kí n tó mú páálí.

“Nọ́ọ̀sì, kí ló dá yín dúró gan-an lọ́jọ́ Ọ̀rà?”

“Òjò rọ̀ sí ọkọ̀. Kò sítáàtì. Mo fi ọwọ́ yí irin tí à ń fi jí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀ títí apá mi fi kú.”

“Ẹ ò sọ fún wa.”

“O ò bi mí. Páálí lo fi hàn mí.”

Ìwé àkọsílẹ̀ mi sọ pé èmi ni mo pinnu, nígbà tí a padà dé, láti dá fuláíwíìlì tó wúwo padà. Ohun tí mo rántí yàtọ̀: Bàbá Kékeré kàn ká àpò kúrò lórí rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ojú má baà tì mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ mi ló dè é, nọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé èkejì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Ìwúwo kan náà tí mo fẹ́ gé dànù ni yóò ran apá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nígbà tó bá ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ gbogbo wáyà tó ń gbé iná lọ sí pulọ́ọ̀gì tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì, mo gé ròbá inú táyà, mo sì fi bò wọ́n kí òjò má lè wọlé.

Mo fi fuláíwíìlì fífúyẹ́ náà kọ́ ara ògiri. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, bí oníbàárà bá ní kí n sọ ọkọ̀ òun di eléré, ìbéèrè Bàbá Kékeré ni mo kọ́kọ́ ń bi í: “Ta ni ẹ máa ń gbé?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Nọ́ọ̀sì yà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ń ti Ọ̀rà bọ̀. Ó kí Bàbá Kékeré, ó kí mi, ó kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,” ló wí. “Mo ti wà níbẹ̀ kí ọmọ tó dé.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé mi sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rántí rẹ̀.