Abẹ́rẹ́ Tí Dókítà Kọ̀ Láti Gún Mi

Orin ìyìn là ń kọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ gbé ohùn sókè, ikọ́ ló jáde. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó ń họ mí lọ́fun bíi pé mo gbé egungun ẹja mì. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru èéfín dúdú tó máa ń bà lé aṣọ wa ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n kí a tó délé ní Rumuola, òtútù ti ń mú mi nínú oòrùn, àyà sì ń dùn mí bí mo bá mí kanlẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Òtútù àyà, àìsàn tó máa ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró, ló pa bàbá mi, irú ikọ́ yìí ló sì fi bẹ̀rẹ̀. N kò sọ èyí fún Nyekachi, ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ Ikwerre. Abẹ́rẹ́ ni mo ní mo fẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, ilé ìwòsàn wa ti tì, la bá lọ sí èyí tí dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí, n kò lè lọ síwájú àlejò bákan ṣá. Kí a tó jáde, mo wẹ̀, mo wọ bùbá tuntun, mo dé fìlà, mo fín lọ́fínńdà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí wa, ó rò pé Nyekachi ni aláìsàn, òun ló ń kí ní pẹ̀lẹ́.

Lórí bẹ́ǹṣì, kálukú ti mọ ìtọ́jú tó fẹ́ kó tó rí dókítà. Ìyá kan tó ń wúkọ́ bíi tèmi ní, "Na drip I come take. Tablet no dey reach my chest." Mo ní àmín.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan, bi mí pé, "Oga, how body?"

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú: "We thank God, Doctor. Everything fine."

Ó wo fìlà mi. "So who dey sick?"

Nyekachi pòṣé. "Doctor, no mind am! My husband people, if house dey burn, dem go still thank God."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà sì jẹ́rìí mi.

Dókítà wọn ibà mi, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà àti ẹ̀yìn mi. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò tíntìntín tí oògùn apa-bakitéríà kò ràn. Mo ní kó ṣàánú mi, kó fún mi lábẹ́rẹ́ kan péré.

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Oga, wetin dey fear you?"

Omi lé sí mi lójú. "Na so e take start for my papa."

Nyekachi di ọwọ́ mi mú. Dókítà tún gbé ẹ̀rọ náà sí mi láyà, ó rọra gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Your chest clear. No be pneumonia."

Ara mi fúyẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kìlọ̀ pé bí ibà kò bá lọ, bí mímí bá ń nira fún mi, tàbí bí mo bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kí n sáré padà. Parasitamó, omi àti ìsinmi ló ní kí n lọ lò nílé.

Ikọ́ náà pẹ́ kó tó lọ, ó lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Àṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mo bá lọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ àyà mi, kó sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi. Ara mi ń ké, èmi ni mo ń purọ́ pé dáadáa ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Nyekachi bi mí pé, "How body?"

Mo ní imú ti ṣí, ọ̀fun ṣì ń họ mí, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, n kò sì sùn dáadáa. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà náà ni mo tó wá sọ pé a dúpẹ́.