Ìlà Tẹ́ẹ́rẹ́ Lára Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níṣojú rẹ̀ rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó, kó ya orí ọkùnrin méjì sára ògiri àwọn tó ń gẹrun, kó ya táyà àti ọfà fún ẹni tó ń lẹ táyà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣe é. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sórí rọ́bà dé, àwọn oníbàárà yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan nínú agolo.

Lọ́jọ́ kan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì láti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ̀n. Kì í ṣe àìsàn, àìlò ni, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Bí ọwọ́ yìí bá lọ, kí ló kù tí wọ́n á máa pè ní Ọlọ́dà? Ó kó àwọn àjákù pákó tó wà lẹ́yìn ilé jọ, ó rẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó pinnu pé ojúmọ́ kan ò ní mọ́ kí òun má ya àwòrán kékeré kan.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, wo òkìtì pákó náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ta ló máa rà á?"

"Kò sẹ́ni tó máa rà á."

"Ó dáa náà. Sáà má ta ọ̀dà sí ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ya bàtà, ó ya kẹ́tùlù, ó ya ewúrẹ́ aládùúgbò tó kọ̀ tí kò dúró lójú kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ìdajì òwúrọ̀ ló fi ń wá ohun tó máa yà. Ó ní àbùkù nìyí o. Ó gbé àpótí ìjókòó síwájú fèrèsé, ó ní ohun tí òun bá rí níbẹ̀ ni òun á máa yà. Ó tún fi ọ̀dà pupa sàmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà, kí ohun tó wà níwájú rẹ̀ lè máa bọ́ sí ojú kan náà lórí pákó lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn: ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

Ohun tó wà níwájú fèrèsé ni ilé alájà mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè kan, ní òdìkejì títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ló ń gbé àjà òkè pátápátá. Tó bá wu àwọn méjèèjì, wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ láti fèrèsé sí fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo títì ló máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́kọ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Ó rò pé òjìji wáyà iná ni. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn ò yọ rárá, ohunkóhun ò ní òjìji, síbẹ̀ ìlà náà wà níbẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù, ó tún wò ó. Ìlà ò kúrò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógójì, ó kó àwọn pákó tí ìlà náà wà lára wọn jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bù máṣọ. Ìlà náà ń rìn. Lórí èyí àkọ́kọ́, abẹ́ fèrèsé ló mọ. Lórí èyí tó tẹ̀lé e, ó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Lórí ti òní, ó ti kan igun fèrèsé àjà àárín.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù fèrèsé ti ń bà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kọ́kọ́ gbálẹ̀, á fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, á pààrọ̀ omi ìṣanbúrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kó má baà tètè jókòó. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ilé nìkan ló ń bà á lẹ́rù, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ń bà á lẹ́rù. Ọwọ́ tó ti gbọ̀n rí lè fa ìlà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọwọ́ òun ló bàjẹ́, kó má jẹ́ ilé.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọdá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, tó fi eyín di píìnì mẹ́rin mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ògiri ìta yín ti sán."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ wo ògiri? Ṣebí àwòrán lo ní ò ń yà."

"Níbi tí mo ti ń yà á ni mo ti rí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ píìnì lẹ́nu kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ọ̀dà ti gun orí ẹ. Àtikékeré lo ti jẹ́ ojo. Ìwọ náà kọ́ lò ń sá fún adìyẹ tó ń sàba?"

Ó dìde láti lọ bu omi wá fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ pa ilẹ̀kùn yàrá dé, èjìká ló fi tì í.

"Kí ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn?"

"Òjò ló mú kó wú."

"Òjò wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn."

Ẹ̀gbọ́n kàn gbé omi sílẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọlọ́dà ò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ Bàbá onílé tó ń gbé nísàlẹ̀ ló gbà lọ. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ló wó ògiri àárín kan nísàlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀, ó sì tún gbé táǹkì omi ńlá kan sórí òrùlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ojú rẹ̀ le.

"Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́lé?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ẹ, gbé e lọ sílé ẹ."

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i, kí wọ́n kun ibẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́dà jókòó sójú fèrèsé, ògiri ń dán gbinrin. Àwòrán ọjọ́ náà ò ní ìlà kankan. Ojú tì í, ara sì tù ú, ó tiẹ̀ jẹun yó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìlà náà yọ láti inú ọ̀dà tuntun, ó sì ti nípọn bí ìka. Ìgbà tó ń yà á, ọwọ́ òsì ló fi di ọwọ́ ọ̀tún mú.

Ó lọ pe bíríkìlà kan tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú dígí pẹlẹbẹ kékeré kan, ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó dábùú ibi tó sán.

"Bí ilé bá dúró, dígí yìí á dúró," ó ní. "Bí ilé bá ń rìn, kò ní lè tẹ̀lé e."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n jọ padà lọ wò ó. Dígí náà ti fọ́ sí méjì geere, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àwọ̀ ojú bíríkìlà yí padà.

"Ọlọ́dà, ẹ kó ẹ̀gbọ́n yín jáde. Òní yìí ni mo wí o, ẹ má fi dọ̀la."

Ọlọ́dà sáré lọ sílé, ó kó pákó mẹ́rìnlá sínú báàgì, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ níwájú ilé náà níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà láti orí pákó kan dé òmíràn. Àwọn ayálégbé kóra jọ. Àwọn kan ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n wo pákó tó kẹ́yìn, ó gbójú sókè wo ògiri, ó wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín wákàtí kan, mátírẹ́ẹ̀sì àti ìkòkò ti kún etí títì. Bàbá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n náà sọ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo fèrèsé ara rẹ̀ lórí pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bó ṣe nàró, ó fọwọ́ lu itan.

"Yéè! Aṣọ oníbàárà mi!"

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti wọlé. Ọlọ́dà pariwo, pariwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ara Ọlọ́dà ń sọ fún un pé kó má wọ ilé yẹn, ó sì wọ̀ ọ́. Ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, eruku ń dà sí i lórí. Ní àtẹ̀gùn kejì, ó gbọ́ ohun kan tó ró kẹ́ẹ́ nínú ògiri, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Nígbà tó dé òkè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn yàrá láti inú.

"Kò ṣí! Ọlọ́dà, kò ṣí o!"

"Ẹ kúrò nídìí ẹ̀!"

Ó fi èjìká lù ú. Kò mì. Ó tún lù ú. Ẹnì kan tì í sápá kan, bíríkìlà ni, ó ti tẹ̀lé e gun òkè. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, pákó rẹ̀ sì ya. Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n náà gba ibẹ̀ jáde bí ẹni fa aṣọ nínú omi. Wọn ò ka àtẹ̀gùn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kan títì ni Ọlọ́dà tó mọ̀ pé aṣọ ìyàwó kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kò fi í sílẹ̀ rárá.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí apá òsì ilé náà dà wó. Táǹkì ló kọ́kọ́ já. Eruku gba gbogbo títì, fún ìgbà díẹ̀ kò sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀, orúkọ ọmọ nìkan ni wọ́n ń pè. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, wọ́n ka ara wọn. Gbogbo wọn pé. Bàbá onílé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Ọlọ́dà lọ jókòó tì í. Bàbá náà ò lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọlọ́dà ò fọwọ́ kan ọ̀dà. Ó ń fọwọ́ pa gbogbo ògiri tó bá kọjá lára, ní ilé, ní ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀, bí ẹni ń wá ibà lára ọmọ. Bí ilẹ̀kùn kan bá dún, á fò dìde.

Ní ọjọ́ kejìlá, obìnrin kan láti títì kẹta kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ilé tó fẹ́ wó."

"Èmi? Pátákó ni mò ń kọ o. Mi ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ bá mi wo ilé wa. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ń sùn sínú ẹ̀," ni obìnrin náà wí.

Ọlọ́dà ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó mú pákó kékeré kan àti àpótí ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ. Ó jókòó síwájú ilé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí ògiri ti kan ilẹ̀.