Ọ̀rọ̀ Tí Dúróríkẹ́ Sọ Nídìí Iṣu

Gbogbo Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló mọ̀ pé Dúróríkẹ́, télọ̀ tó ń rán aṣọ ọkùnrin, ọmọ Ọdẹ́wùmí ọdẹ, ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì láìlọ́kọ. Àwọn tí kò rántí ọjọ́ orí ọmọ tiwọn gan-an rántí tirẹ̀.

Nígbà tí Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnu wọn ò sinmi. Ilé epo méjì ni bàbá Rótìmí ní, ilé alájà ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn aráàlú ní irú wọn kì í fẹ́ ọmọ ọdẹ tó ń gbé ọ̀yà wọ̀lú lórí ọ̀kadà. Dúróríkẹ́ gbọ́ ọ títí ó fi gbà á gbọ́. Síbẹ̀, bí Rótìmí bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń sọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo, kì í fẹ́ kó dìde. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ó ń bá Ìyá Kẹ́hìndé, aládùúgbò wọn, bẹ iṣu èlùbọ́ níwájú ilé ìyá náà. Ìyá Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìyá àgbà kan tí Dúróríkẹ́ ò mọ̀ rí yà, ó tọrọ omi mu, ó sì béèrè irú ilé tí ilé Ọdẹ́wùmí jẹ́, àti àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Dúróríkẹ́ mọ̀ pé ìwádìí ìyàwó ni. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ti ń ṣe é. Ifádùnní àbúrò rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ló wá sí i lọ́kàn. Ta ni ì bá wá nítorí tòun? Ojú ń tì í láti yin ilé ara rẹ̀, kò sì sọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, pé wọn ò ní fẹ́ àbúrò nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì wà nílé.

"Ilé rere ni, ìyá. Ọmọ gidi ni àbúrò yẹn. Ẹ má wo ti ẹ̀gbọ́n, kò ní dínà fún un. Ó ti ní òun ò fẹ́ lọ́kọ mọ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mà."

Ìyá àgbà dúpẹ́ omi, ó lọ. Kò sẹ́ni tó wá tọrọ Ifádùnní. Rótìmí náà ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ọdún yípo kó tó padà wá, tòun ti aṣọ òfì tuntun láti Ìsẹ́yìn. Aṣọ ìgbéyàwó ni. Ó ń fẹ́ ọmọ Ìgbòho kan.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Mo bẹ àwọn ará ilé wa títí wọ́n fi gbà kí n fẹ́ yín. Ìyá àgbà wa ló wá ṣèwádìí. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń bẹ iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín sọ pé ẹ ò fẹ́ lọ́kọ mọ́. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Bó bá sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́, kí ni yóò ṣẹ́kù fún ọmọ Ìgbòho tó ń retí?

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ló wí. "Ẹ dìde, kí n wọ̀n yín."

Ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí, láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ó na téèpù, ó sì rọra wọ̀n ọ́n, kò kánjú.